Lẹ́tà ẹ̀sùn lórí àtẹ̀jíṣẹ́ tí mi ò bèèrè fún

Àdúgbò Ìgbọ̀nà,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka tó ń rí sí Ẹ̀sùn Oníbàárà,

Ẹ̀yin ọ̀gá,

ẸJỌ́ ÀTẸ̀JÍṢẸ́ ÌPOLÓWÓ ÀTI OWÓ TÍ Ẹ GÉ LÓRÍ FÓÒNÙ MÀÁMI

Mo kí yín. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń lo láìnì yín. Nọ́ńbà yìí ló wà lára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, òun ni báńkì mi mọ̀, òun náà ni àwọn oníbàárà tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó fi ń wá mi kàn. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì yín nílùú wa ní kí n kúkú lọ ra síìmù mìíràn tí ìpolówó bá ń yọ mí lẹ́nu, inú mi ò dùn rárá. Kí ló dé tí èmi ni mo máa kó kúrò nílé mi nítorí àlejò tí mi ò pè?

Iṣẹ́ aró ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá mọ Òṣogbo mọ̀ pé ìlú aró ni, tí ọdún Ọ̀ṣun bá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a kì í ráyè jókòó. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Oníbàárà mi kan ní Ìbàdàn ti san owó àdìrẹ ẹlẹ́kọ 12 sílẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé kí n má jẹ́ kí 4 nínú wọn dúdú jù, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí n tì wọ́n bọ aró. Agogo 9 kọjá ìṣẹ́jú 10 ló wọlé. Mo ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ ìkòkò dé ìgúnpá. Fóònù wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gbọ̀n rìrì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti nu ọwọ́ sára ìró láàárọ̀ yẹn láti wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́ ẹ̀yin: ẹ ní kí n wá yá dátà, kí n wá ta tẹ́tẹ́, kí n ra orin tí ẹni tó bá pè mí yóò máa gbọ́, kí n tẹ 1 kí n lè jẹ mọ́tò. Nígbà tó gbọ̀n lẹ́ẹ̀karùn-ún, mi ò nu ọwọ́ mọ́. Ìkarùn-ún yẹn ni ti oníbàárà mi.

Kó tó di agogo 12, àtẹ̀jíṣẹ́ yín 14 ti gorí rẹ̀. Ẹni tí kì í rẹ aṣọ lè má mọ̀: bí aṣọ bá jáde nínú aró, ó máa ń dà bí ewé tútù, atẹ́gùn ló máa sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni, bí a bá sì ṣe dá a padà sínú ìkòkò tó ló ṣe máa dúdú tó. Nígbà tí mo fi máa rí iṣẹ́ tó rán, aṣọ 4 náà ti wọ inú aró lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́ padà. Mo ra aṣọ funfun mìíràn, mo tún fi ẹ̀kọ ya ọnà sí i, mo ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́tun lówó ara mi.

Ẹnu la fi í kọ "n ò jẹ". Mo fi ẹnu kọ̀, mo sì fi ọwọ́ kọ̀. Láti ọdún 2016 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti pàṣẹ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ìpolówó lórí fóònù rẹ̀ lè fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Mo fi í ránṣẹ́. Èsì dé pé ẹ ti gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dákẹ́, ní ọjọ́ kẹrin ó tún bẹ̀rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ yín gan-an ló sì ń gbé e wá. Mo pe 300, nọ́ńbà tí oníbàárà fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tó gbé e sọ pé èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ yín wá kì í ṣe ìpolówó, pé ìsọfúnni ni. Ṣé ìsọfúnni ni kí n wá ta tẹ́tẹ́? Ó tún ní tí mo bá ti gbogbo rẹ̀ pa, áláàtì báńkì mi ò ní wọlé mọ́. Èyí ló dùn mí jù, nítorí ìdẹ́rùbani ni. Ìpolówó tí èèyàn ò bèèrè ni 2442 wà fún. Ẹni tó bá tiẹ̀ ń fẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ lè yan èyí tó wù ú, bíi kó fi 4 ránṣẹ́ kó lè máa gba ti ètò ìlera. Owó tó wọ àpò mi ní báńkì kì í ṣe ìpolówó.

Ti màámi ló wá mú mi jókòó kọ ìwé yìí. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n, Òkè-Baálẹ̀ ni wọ́n ń gbé, fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá fẹ́ pè mí, ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan á ṣàdédé bo ojú fóònù, OK á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọn ò lè ka Òyìnbó. Wọ́n á tẹ OK kí ó lè kúrò lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe fi wọ́n sórí ìròyìn bọ́ọ̀lù, ₦50 lójúmọ́, fún ọjọ́ 23. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń bá wọn ra káàdì ni wọ́n fura sí. Wọ́n ní ó ń jí káàdì àwọn. Ọmọ náà búra, ó sunkún, wọn ò gbà á gbọ́, títí mo fi gba fóònù yẹn yẹ̀ wò, tí mo sì fi 305, nọ́ńbà tí a fi ń fagi lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, dá a dúró. Màámi ti bẹ ọmọ náà. Ẹ̀yin ni ẹ ò tíì bẹ ẹnikẹ́ni.

Ti ímeèlì yín ò gùn. Bí mo bá ní mi ò fẹ́ ìpolówó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀ mọ́, ẹ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà (password) tí mi ò ṣe rí. Ọmọ mi tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sọ fún mi pé láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti sọ fún àwọn tó ń fi ìpolówó ránṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu pé kí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó láti yọ èèyàn kúrò.

Ohun mìíràn tún wà tó ń bà mí lẹ́rù. Lóṣù tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi gba tẹ́ẹ̀sì pé láìnì rẹ̀ máa kú lónìí àfi tó bá pe nọ́ńbà kan, kó ka nọ́ńbà àṣírí oní-díjíìtì mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún wọn. Ó ti ń pè kí n tó já a gbà. Ó ní òun rò pé ẹ̀yin ni, torí bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ máa ń sọ̀rọ̀: kíákíá, lónìí, kó tó pẹ́. Ariwo yín ni gbájúẹ̀ ń fara pamọ́ sí.

Mi ò béèrè owó aṣọ 4 yẹn lọ́wọ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ dá gbogbo ìpolówó dúró lórí nọ́ńbà mi àti ti màámi, títí kan èyí tó ń bọ̀ lórúkọ yín. Kí ẹ dá ₦1,150 màámi padà. Kí ẹ sì sọ fún mi lákọsílẹ̀ àwọn tí ẹ fún ní nọ́ńbà mi. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 fún mi láṣẹ láti kọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa fi nọ́ńbà mi polówó. Nọ́ńbà ẹ̀sùn tí ẹ fún mi nígbà tí mo pè yín wà lọ́wọ́ mi. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, màá pe NCC lórí 622, màá sì kọ̀wé sí NDPC, àjọ tó ń rí sí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tẹ́ẹ̀sì dá mi lóhùn, mo lè má rí i. Ẹ pè mí lẹ́yìn agogo 4 ìrọ̀lẹ́, ìgbà yẹn ni mo máa ń yọ ọwọ́ nínú aró.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, aláró ní Ìgbọ̀nà.