Ta ni Rabatu?

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà bàbá kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bàbá ní tóun bá ti rí ọmọ tó ya tátù sára, òun ti mọ̀ pé yàhúù ni tó bá jẹ́ ọkùnrin, tó bá sì jẹ́ obìnrin, kí wọ́n má wulẹ̀ jẹ́ kóun sọ ọ́. Bàbá ò kúkú sọ ọ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ó dùn mí torí obìnrin ni mí, mo ní ọ̀kan lápá òsì, àdìrẹ sì ni mò ń tà ní Ìtòkú, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń rò yẹn.

Ohun tó wà lápá mi ò ju lẹ́tà mẹ́fà lọ: RABATU. Àwọn kọ́sítọ́mà á ní ta ni Rabatu, ṣé bọ̀ọ̀fúrẹ́ǹdì ẹ ni? Níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àbúrò mi lọ́dún tó kọjá, ìyá kan nínú ẹbí ọkọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí n lọ wá nǹkan bo apá yẹn kí n má bàa kó ìtìjú bá ìyàwó. Gèlè orí mi ni mo tú, mo fi wé apá títí wọ́n fi pín ìrẹsì tán, orí wá wà lásán, ìyẹn gan-an ló wá ń mú kí wọ́n máa wò mí.

Rabatu ni ìyá tó bí ìyá mi. Rábíátù lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ẹni tó fín in sí i lápá nígbà tó wà lọ́mọge ló gbàgbé I kan. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n dì pọ̀, wọ́n ń tì í bọ dúdú èédú, wọ́n sì ń gún un lára díẹ̀díẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó ní òun ò sunkún o, mi ò gbà á gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ṣì ní ìyá àgbà nílé, ẹ ká ọwọ́ bùbá wọn sókè kẹ́ ẹ wò ó, ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ máa rí orúkọ lápá wọn, ẹlòmíì alángbá kékeré kan ló wà níbẹ̀.

Ìyá Àgbà ní pélé lójú náà, ṣùgbọ́n ó máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ti ojú, bàbá ẹ̀ ló ní kí olóòlà kọ ọ́, ọmọ ọwọ́ ni, ta ló fẹ́ bi í léèrè? Ti apá, owó ara ẹ̀ ló fi san án. (Lónìí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ti ní kẹ́nikẹ́ni má kọlà tàbí fín nǹkan sára ọmọdé, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.)

Kò kàwé rárá. Ẹ fún un ní ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún, á ya bátànì àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn sórí aṣọ funfun láìwo ibì kankan, ṣùgbọ́n ẹ gbé bírò fún un, wàhálà dé. Mo ṣì wà ní praimárì lọ́jọ́ tí mo tẹ̀lé e lọ báǹkì, ẹni tó jókòó nídìí káńtà ti íńkì síwájú ẹ̀ pé kó tẹ̀ka, ó ní rárá o, òun máa kọ orúkọ òun. Ó ká bùbá sókè, ó gbé apá lé káńtà, ó ń wo lẹ́tà lára ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ó ń dà á kọ, ó fi ìka ọwọ́ kejì di ibi tó bá dé mú kó má bàa sọnù, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ti ń pòṣé. Nígbà tó kọ ọ́ tán ọ̀gbẹ́ni yẹn ní kò bá ti inú ìwé mu, I kan ò sí níbẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Ṣé ìwọ lo wá mọ orúkọ mi ju ara mi lọ ni?" Ó padà tẹ̀ka ṣá.

Nígbà tó kú ní 2018, mo lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń fi maṣíìnì yà á lọ́nà Òkè-Ìlewó, mo fi fọ́tò apá ẹ̀ hàn án lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí, sípẹ́lì yìí ò pé o, ṣé kí n tún un ṣe?" Mo ní tó o bá fi I sí i, n ò ní sanwó. Dúdú nìkan ni mo ní kó lò, torí yẹ́lò àti funfun yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára àwa tá a dú, mo sì ní kó já abẹ́rẹ́ tuntun lójú mi kó tó bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ àlòkù lè kó hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ yẹn, àti HIV ran èèyàn. Àbúrò mi fẹ́ ya tiẹ̀, mo ní kó má dán an wò, tí nǹkan kékeré bá ha á lára báyìí ojú ọgbẹ́ ibẹ̀ á wú bí ìka, kílọ́ìdì ni wọ́n ń pè é.

Álífáà wa ti bá mi wí, mi ò bá wọn jiyàn, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi onígbàgbọ́ náà á ní kí n lọ ka Léfítíkù 19:28, níbi tí Bíbélì ti ní ká má kọ àmì sára. Ìyẹn wà láàárín èmi àti Ọlọ́run mi. Ṣùgbọ́n bàbá tó kọ lẹ́tà yẹn ò mẹ́nu ba ẹ̀sìn, ìwà ni wọ́n ní àwọn ń kà lápá wa. Mo gbà pé ẹlòmíì ń ya ìyàkuyà, ọmọ àdúgbò wa kan ya orúkọ ọmọge sí ọrùn, kí oṣù tó parí ọmọge ti lọ, ó wá ń fi múfúlà rìn nínú ooru. Ó ṣe òmùgọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé ó jalè ni?

Olóòtú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ́tò, mo ní méjèèjì, ti Ìyá Àgbà àti tèmi. Tẹ́ ẹ bá sì máa tẹ lẹ́tà yìí jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi tún orúkọ yẹn ṣe.

Ọmọ-ọmọ Rabatu,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta