Ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà ìkòkò

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Bí owó gáàsì ṣe ń gun òkè, ọ̀pọ̀ ìdílé tí iná mọ̀nàmọ́ná ń dé ilé wọn dáadáa ló ti ń ra kúkà induction, ìyẹn èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ dígí dúdú pẹlẹbẹ. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbé e padà fún ẹni tó tà á, pé kò ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe kúkà náà. Ìkòkò ni kò bá a mu, kò sì sí ẹni tó sọ fún oníbàárà kó tó sanwó. Ó dùn mí pé owó ń ṣòfò báyìí.

Lábẹ́ dígí náà, wáyà bàbà kan wà tí wọ́n ká bí òṣùká. Tí iná bá ń gba inú rẹ̀, ó ń di òòfà tó ń yí padà ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí sì ń mú kí iná máa sáré kiri nínú irin ìdí ìkòkò. Ìkòkò gan-an ló ń gbóná. Ooru rẹ̀ ló ń ran dígí. Ìkòkò tí òòfà kò bá lè mú, kúkà kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Á máa han "píì, píì", á gbé E0 tàbí àmì mìíràn jáde, á sì kú fúnra rẹ̀.

Òòfà ẹ̀yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ti tó láti fi dán ìkòkò wò. Ìdí ìkòkò ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì gbé e káàkiri ìdí náà. Bó bá lẹ̀ típẹ́típẹ́ débi pé ẹ ní láti fà á kó tó kúrò, ẹ rà á. Bó bá kàn rọra lẹ̀, ìkòkò náà á máa lọ́ra. Bó bá jábọ́, ẹ má wulẹ̀ ná an.

Ìkòkò tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ń fi àlùmíníọ́ọ̀mù yíyọ́ dà kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bó ti wù kó nípọn tó. Ìṣasùn amọ̀ náà kò lè ṣe é. Tánganran ń ṣe é, torí irin ló wà lábẹ́ ọ̀dà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e kaná lófìfo, kí ọ̀dà náà má baà yọ́ mọ́ dígí. Stainless ló ń tan èèyàn jẹ jù. Èyí tí wọ́n tẹ 18/10 sí lára ní nickel nínú, òòfà kì í sì í sábà mú un, àfi tí wọ́n bá fi irin mìíràn sí ìdí rẹ̀. 18/0 ni òòfà ń mú. Ẹ tún kíyè sí páànù àlùmíníọ́ọ̀mù tí wọ́n lẹ irin róbótó kékeré mọ́ nídìí. Irin yẹn nìkan ló ń gbóná, nítorí náà òun ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ẹnu páànù. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 12, ọ̀pọ̀ kúkà kò ní dá a mọ̀. Ìdí ìkòkò gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Ọ̀rọ̀ àmàlà gba àlàyé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ro ó lórí dígí. Agbára tí a fi ń ti ọmọrogùn lè fọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò tó bá ń sún kiri á ha á lára, tó bá sì ti kúrò lójú wáyà, iná á dáwọ́ dúró. Bí omi bá ti hó, ẹ gbé ìkòkò sọ̀, ẹ gbé e ka òṣùká nílẹ̀, ẹ da èlùbọ́ sí i, kí ẹ ro ó kó dán. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ dé e, ẹ dá a padà sórí iná tó kéré jù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, lẹ́yìn náà ẹ tún gbé e sọ̀ kí ẹ ro ó pọ̀.

Ẹ̀wà náà ní wàhálà tirẹ̀. Wáyà inú kúkà kékeré kò fẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, torí náà àárín ìkòkò ńlá ló máa ń jóná nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kò tíì hó. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 24 lọ, ló dára. Ní ti epo pupa tí a fẹ́ yọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣá, iná àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 2,000 wáàtì, torí ó ń yára gbóná ju bó ṣe ń ṣe lórí gáàsì lọ, ó sì lè gbiná.

2,000 wáàtì ń fa nǹkan bí amp 9. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri ni kí ẹ ki í bọ̀, kì í ṣe wáyà ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó 1kVA kò lè gbé e. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn kúkà kí fáànù rẹ̀ lè mí, kí ẹ má sì pa iná rẹ̀ níbi ògiri kí fáànù náà tó dákẹ́. Aáyán fẹ́ràn ihò fáànù yẹn, wọ́n sì ń ba pátákó iná inú rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ nu ilé ìdáná mọ́ lálẹ́. Ní ti owó, lítà omi kan ń hó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá yúnìtì ló sì ń jẹ. Ní Band A, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn tí iná ń dé ilé wọn jù, tí yúnìtì kan ti ju ₦200 lọ láti 2024, ìyẹn lé díẹ̀ ní ₦20.

Mo bẹ ẹ̀yin tó ń ta kúkà yìí: ẹ so òòfà kan mọ́ okùn ní ìsọ̀ yín, kí ẹ sì ní kí oníbàárà gbé ìkòkò kan láti ilé wá kó tó sanwó.

Èmi ni tiyín,
Atúnnáṣe kan, Ìbàdàn