Ẹ jẹ́ kí a ka kòkòrò Odò Ọ̀nà kí igbó rẹ̀ tó tán

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ohun abẹ̀mí inú igbó ọba Ẹlẹ́yẹlé àti àfonífojì Odò Ọ̀nà, ẹyẹ ni wọ́n máa ń kà. Bí ó bá sì kan kòkòrò, wọn kì í kọjá labalábá, bóyá nítorí pé ó dùn ún wò. Àwọn tíntìntín tó kù, pàápàá máìtì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí í ṣe ìbátan eégbọn, kì í wọ inú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí Ìbàdàn gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí kòkòrò funfun kan ń mu omi ara ẹ̀gẹ́ gbẹ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, òmíràn tó jọ ọ́ ni àwọn onímọ̀ tó ń wá kòkòrò ọ̀tá tó lè pa á kọ́kọ́ rí ní ìhà àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣì í mú. Àwọn ọ̀tá tí wọ́n kó lára èyí kò ran ẹ̀gẹ́ wa lọ́wọ́ rárá. Ìgbà tí wọ́n dé Paraguay ni wọ́n rí ojúlówó rẹ̀ àti agbọ́n kékeré tó ń pa á, èyí tí àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, kọ́kọ́ tú sílẹ̀ níbí ní ọdún 1981. Ní 1993, máìtì kan láti Bràsíl, tó ń jẹ máìtì tó ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́, ni wọ́n tú sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀.

Iṣẹ́ kíkà náà kò ju agbára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa lọ. Aṣọ funfun àti iná lóru tó fún àfòpiná. Ife tí a rì mọ́lẹ̀ tó fún eèrà àti yímíyímí. Ní ti máìtì, a ó bu ewé jíjẹrà sórí asẹ́ nínú àrọ, a ó sì tan gílóòbù sókè rẹ̀. Bí ewé bá ṣe ń gbẹ ni wọn yóò máa sá ooru lọ sísàlẹ̀, títí wọn yóò fi já sínú ọtí líle tí a gbé dè wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí a kò bá kọ ọjọ́ àti ibi tí a ti mú un sí lára, òkú kòkòrò lásán ni.

Nítorí náà, mo rọ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí a ṣe àkójọ yìí ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹnikẹ́ni tó tún gbé katakata dé etí odò náà. Kí wọ́n sì mú àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ àdúgbò mọ́ra, kí orúkọ Yorùbá tí wọ́n mọ̀ lè wà nínú ìwé náà pẹ̀lú.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn.