Lẹ́tà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní ìbò ò kan òun mọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ohun tó o kọ sórí wàásápù ẹbí lẹ́yìn tí Bùọ̀dá Houston sọ̀rọ̀ tán, o ní kí gbogbo wa fi ẹ́ sílẹ̀, pé ìwọ kì í ṣe ara àwọn tó ń dìbò mọ́, o wá jáde nínú gúrúùpù. Mi ò fèsì níbẹ̀ torí mo mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí, tí mo bá ti kọ ìlà kan báyìí ẹnì kan á da àdúrà sí i, ẹnì kan á gbé fídíò pásítọ̀ wá, ọ̀rọ̀ á sì ti sọnù. Ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́ kà á tán, ó gùn.

Bùọ̀dá ní ẹni tó bá ti fìbọn jalè ti fọwọ́ ara ẹ̀ ju ìbò ẹ̀ nù, pé ẹni tó rú òfin ò lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹni tó máa ṣòfin. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò ní bú u, ṣùgbọ́n mi ò gbà, mi ò sì ní gbà láé.

Ká ti ibi tó le bẹ̀rẹ̀. Ohun tó o ṣe burú jáì. O ò wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn lóòótọ́, ìdí ọkọ̀ lo jókòó sí, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn tó wọlé, ìyá kan sì wà nídìí káńtà tí wọ́n na ìbọn ọ̀hún sí lójú. Mo wà ní kóòtù lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò lè dá wà nínú ilé mọ́, pé tí ilẹ̀kùn bá ti dún òun á fò sókè. Nígbà tí adájọ́ ka ọdún mẹ́sàn-án, bàbá ẹ dìde ó jáde síta, èmi jókòó, torí mo gbà pé ó yẹ kó o lọ.

O sì lọ. O lò ó pé. O jáde, o ṣe probation tó tẹ̀lé e, ìyẹn sáà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹni tó ti jáde lẹ́wọ̀n, gbogbo ìgbà tí wọ́n ní kó o wá lo lọ, ibi tí wọ́n ní kó o má dé o ò débẹ̀, ìyẹn náà ti parí. Ní báyìí ìdájí lo ti ń lọ wa forklift ní wẹ́ẹ̀háòsì, ìjọba àpapọ̀ ń yọ owó orí wọn kí owó ẹ tó dọ́wọ́ ẹ, ọmọ ẹ wà ní ilé ìwé ìjọba. Ìyà wo ló wá kù tí wọ́n fẹ́ fi jẹ ẹ́? Bí ọmọ ẹni bá burú, a kì í fi í fún ẹkùn pa jẹ, a máa ń nà án ni, a sì máa ń nà án tán.

Ohun tí Bùọ̀dá ń sọ bí ẹni pé láti ọ̀run ló ti wá yẹn, èèyàn ló ṣe é, ó sì ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ọdún 1868 ni Florida, ìpínlẹ̀ wa yìí, kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹ̀ pé ẹni tó bá jẹ̀bi ẹ̀sùn ńlá ò gbọdọ̀ dìbò mọ́. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí tí wọ́n sì fòpin sí oko ẹrú nìyẹn, ìjọba àpapọ̀ ti fipá mú àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin dúdú dìbò, ni wọ́n bá gba ẹ̀yìn yọ. Wọ́n lè mú ọkùnrin dúdú torí ohun tí kò tó nǹkan, ìgbà tí kóòtù bá sì ti dá a lẹ́bi, ìbò lọ nìyẹn. Ní Alabama ní 1901, alága ìpàdé tí wọ́n ti kọ ìwé òfin tiwọn ò tiẹ̀ fi bò, ó sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn fẹ́ kí àṣẹ wà lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun, kó sì jẹ́ lábẹ́ òfin. Ó di 1985 kí kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà tó fagi lé apá ibi tí wọ́n ti fi gba ìbò èèyàn nínú ìwé òfin Alabama yẹn, bẹ́ẹ̀ kóòtù yẹn kan náà ti sọ ní 1974 pé ìpínlẹ̀ tó bá wù ú lè gba ìbò lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n. Bùọ̀dá gba ìwé ìlú yìí, ó búra, ó ya fọ́tò pẹ̀lú àsíá, inú mi dùn fún un, àmọ́ ó yẹ kó mọ ibi tí òfin tó ń gbè lẹ́yìn ti wá.

Àbí ṣé o rò pé kò já mọ́ nǹkan ni? Ní 2000, ìbò 537 péré ni George Bush fi na Al Gore ní Florida yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ẹni tó di ààrẹ gbogbo Amẹ́ríkà. 537! Àwọn tí òfin yìí ti pa lẹ́nu mọ́ ní ìpínlẹ̀ yìí nígbà yẹn, wọ́n á kún pápá bọ́ọ̀lù bíi mélòó kan.

Mo fẹ́ kó o mọ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Desmond Meade. Ó ṣẹ̀wọ̀n, ó jáde, kò nílé, ó dé ibi tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tó ń retí kí ọkọ̀ ojú irin wá gbá òun. Ọkọ̀ ò wá. Ó lọ sí ibi ìtọ́jú, ó padà sílé ìwé, ó kàwé lọ́yà parí. Ní 2016 ìyàwó ẹ̀ jáde fún ipò aṣòfin, ọkọ ò lè dìbò fún ìyàwó ẹ̀. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló gba ìfọwọ́sí kiri títí ọ̀rọ̀ náà fi dé orí ìwé ìbò ní oṣù kọkànlá 2018, pé kí ẹni tó bá ti parí ìdájọ́ ẹ̀ gba ìbò ẹ̀ padà, àyàfi ẹni tó pààyàn àti ẹni tí ẹ̀sùn ẹ̀ jẹ mọ́ ìfipábánilòpọ̀ àtàwọn tó jọ ọ́. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni òfin ní kí wọ́n rí, wọ́n rí ju 64 lọ. Ó ju mílíọ̀nù márùn-ún èèyàn lọ tó tẹ̀ka pé bẹ́ẹ̀ ni, gómìnà tí wọ́n yàn lọ́jọ́ yẹn gan-an ò rí ìbò tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èèyàn dúdú nìkan, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo. Inú ẹ̀wọ̀n lo wà nígbà yẹn, èmi náà lọ tẹ̀ka, orúkọ ẹ ló wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń kun àmì yẹn. Torí náà má sọ fún mi mọ́ pé àwọn èèyàn ò kà ẹ́ sí. Àwọn èèyàn kà ẹ́ sí, àwọn aṣòfin ló yí i padà.

Ọdún tó tẹ̀lé e, 2019, ni wọ́n ṣe òfin míì pé ìdájọ́ ò tíì parí àfi téèyàn bá san gbogbo owó kóòtù, fáìnì, àti owó tó yẹ kó san fún ẹni tó ṣe níbi. Ìwé tó o gbà ní káńtà akọ̀wé kóòtù, mo ti kà á, o fi sílẹ̀ lórí tábìlì mi nígbà Thanksgiving. 50 dọ́là torí pé o béèrè lọ́yà ìjọba, ìyẹn lọ́yà tí wọ́n ń fún ẹni tí kò lówó. 100 dọ́là owó ìpẹ̀jọ́, ìyẹn ni pé ìwọ lo máa san owó fún ẹni tó ń pè ẹ́ lẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ìlà yìí, ìlà yẹn, kóòdù tí kò yé ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn náà owó tí àwọn agbowó tó ń bá kóòtù gba gbèsè gbé lé e, òfin sì gbà wọ́n láyè láti gbé tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni owó ìyá tó wà nídìí káńtà wà.

Owó ìyá yẹn, san án. Mi ò bá ẹ ṣeré lórí ìyẹn, tó bá jẹ́ 20 dọ́là lóṣù kan, san án títí yóò fi tán, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ló pa á pọ̀ mọ́ ìbò? Èèyàn mélòó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló jẹ gbèsè ilé, gbèsè ilé ìwé, gbèsè ọsibítù, owó orí pàápàá, tí wọ́n ń wọlé lọ dìbò tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní nǹkan? Láti 1964 ni ìwé òfin Amẹ́ríkà ti ní wọn ò gbọdọ̀ gba ìbò lọ́wọ́ èèyàn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ torí pé kò san owó orí. Adájọ́ kan ní Tallahassee, Robert Hinkle, gbọ́ ẹjọ́ yìí ní 2020, ó sì sọ pé wọ́n ti sọ ọ́ di pé àfi kéèyàn sanwó kó tó lè dìbò. Àwọn oníwádìí yunifásítì wá iye tí èèyàn 153 jẹ, èèyàn mẹ́ta péré ni ìwé wọn bára mu délẹ̀. Ìjọba fúnra ẹ̀ ò lè sọ iye tí èèyàn jẹ, ó sì ní dandan kó san án! Ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn da ìdájọ́ ẹ̀ nù, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́rin. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

Bùọ̀dá á tún bi mí pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n ńkọ́, apààyàn ńkọ́. Mo máa dá a lóhùn: àwọn náà. Kò rọrùn fún mi láti kọ ọ́, mo ronú sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ìbò kì í ṣe ẹ̀bùn ìwà rere, kò sẹ́ni tó ń yẹ ìwà wò lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin tó ń lu ìyàwó ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì mú ń dìbò. Ní Maine àti Vermont, ìbò ò kúrò lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n rí, inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ sí ìlú wọn, ìlú ò sì tíì dàrú. Ní South Africa, kóòtù tó ń rí sí ìwé òfin ìlú wọn sọ ní 1999 pé kí àjọ ìdìbò wá sínú ẹ̀wọ̀n wá forúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀, adájọ́ tó kọ ọ́, Albie Sachs, ti pàdánù apá kan àti ojú kan nígbà tí bọ́ǹbù tí wọ́n fi sínú mọ́tò ẹ̀ bú ní 1988. Ẹni tí wọ́n ṣe níbi tó bẹ́ẹ̀ ló kọ̀wé pé ìbò ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń fi hàn pé èèyàn ni, pé ó níyì. Ìwọ náà mọ ìdí tó fi yẹ bẹ́ẹ̀. O sọ fún mi nípa oṣù kẹjọ, ooru, àádọ́ta bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kan láìsí ẹ̀rọ amúlétutù, tí ẹ ń rẹ aṣọ sínú omi tí ẹ ń fi bora sùn. Ta ni aṣòfin tó máa tiraka torí ìyẹn nígbà tí ẹ̀yin tó wà níbẹ̀ ò lè yọ ọ́ nípò? Tí wọ́n sì wá kà yín o. Ní 2020 tí wọ́n ka èèyàn, àdúgbò tí ẹ̀wọ̀n yẹn wà ni wọ́n kọ ẹ́ mọ́, iye yín wà nínú ohun tí wọ́n fi pín àyè fún aṣòfin ibẹ̀. Orí yín wúlò fún wọn, ohùn yín ni wọn ò fẹ́.

Kí Bùọ̀dá má sì fi ilé dẹ́rù bà mí, pé ní Nàìjíríà lọ́hùn-ún, ẹlẹ́wọ̀n kì í dìbò. Ìwé òfin Nàìjíríà ò sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ìlú tó bá ti pé ọdún 18 ló sọ. Kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin ti dá a ní 2014 pé ẹlẹ́wọ̀n lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n níbẹ̀ gan-an sì ṣì ń dúró de ìgbẹ́jọ́ ni, wọn ò tíì jẹ̀bi nǹkan kan. Nígbà kan náà, gómìnà àná ti Plateau àti ti Taraba tí kóòtù rán lẹ́wọ̀n ní 2018 torí owó ìlú, ìjọba foríjì wọ́n ní 2022, wọ́n lọ sílé. Ẹni ńlá ń rí ìdáríjì. Ìwọ náà ti lo tìẹ pé.

Ó wá ku ohun tó ń bà mí lẹ́rù. O kọ̀wé pé tó bá jẹ́ ìyẹn ló máa pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́, o máa lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́la kó lè tán. Má dán an wò! Ní oṣù kẹjọ 2022, gómìnà kéde pé wọ́n ti mú èèyàn ogún tó dìbò tí òfin ò sì gbà fún wọn. Púpọ̀ nínú wọn, ìjọba ló fún wọn ní káàdì ìdìbò, wọ́n rò pé ó ti tán ni, fídíò wà tí ọlọ́pàá ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọwọ́ wọn tí wọ́n ń béèrè pé kí làwọn ṣe. Fóòmù yẹn, ìbúra ló wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ irọ́ ó lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ìwọ tó o ní rẹ́kọ́ọ̀dù ìbọn, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ.

Àmọ́ ọ̀nà wà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lórí ìwé yẹn ló so mọ́ ìbò. Òfin 2019 yẹn fúnra ẹ̀ sọ pé ohun tí adájọ́ kọ sínú ìdájọ́ lọ́jọ́ náà ni, owó tí àwọn agbowó ń gùn lé e lẹ́yìn náà ò sí níbẹ̀. Adájọ́ tún lè sọ àwọn owó kan di iṣẹ́ ìlú, kó o fi ọwọ́ ṣe é dípò kó o san án, tàbí kó fagi lé wọn. Ẹgbẹ́ Desmond Meade, Florida Rights Restoration Coalition, ti kó owó jọ rí láti bá àwọn èèyàn san tiwọn, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé wọ̀nyí. A sì lè kọ̀wé sí ẹ̀ka ìdìbò ní Tallahassee pé kí wọ́n fi ìwé dá wa lóhùn bóyá o yẹ tàbí o ò yẹ, kó wà lọ́wọ́ wa.

Nígbà ìbò 2024 tó o gbé mi lọ dìbò ní láíbìrì, o jókòó sínú mọ́tò, mo jáde wá, ọmọ ẹ bọ́ sítíkà tí wọ́n fún mi pé mo ti dìbò kúrò lára aṣọ mi ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ láyà. O yọ ọ́ wéré bí ẹni pé ó gbóná. Mi ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn wo ojú ẹ, ó sì ń dàgbà.

Sátidé mo máa dé kí aago mẹ́wàá tó lù. Wá ìwé ìdájọ́ tí adájọ́ fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ti káńtà nìkan, bàbá ẹ ní ẹ̀dà ẹ̀ nínú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kó gbogbo rìsíìtì tó o ti san jọ. A máa fi pẹ́ńsùlù sàmì sí èyí tó kan ìbò, a máa yọ ti àwọn agbowó sọ́tọ̀, Mọ́ńdè mo máa gba àyè níbi iṣẹ́ ká jọ lọ bá wọn. Títí di ìgbà yẹn, má fọwọ́ sí fóòmù kankan. Ti Bùọ̀dá, fi í sílẹ̀ fún mi, èmi ni mo máa pè é.

Àǹtí ẹ