Pilates àtijọ́ àbí ti ìgbàlódé: ẹ bi ẹ̀yìn yín léèrè kẹ́ ẹ tó yàn

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lójú ewé ìlera nípa Pilates, eré ìdárayá tí Joseph Pilates dá sílẹ̀, inú mi sì dùn gan-an torí a kì í sábà rí irú ẹ̀ kà lédè wa, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ní ti àtijọ́, tó ń tẹ̀ lé ìtòtẹ̀léra Joseph, nìkan ni ojúlówó, pé àdàmọ̀dì ni ti ìgbàlódé tí wọ́n ti yí padà, mi ò lè dákẹ́ síbẹ̀ yẹn, torí irú ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe èmi léṣe.

Ẹ̀yìn ríro ló gbé mi dé ìdí ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ọ̀gangan ibi tí bẹ́líìtì máa ń wà, tí n bá ti jókòó pẹ́ báyìí àtidìde á di ogun. Kíláàsì tí mo kọ́kọ́ wọ̀, ti àtijọ́ ni, tíṣà wa ò sì gba gbẹ̀rẹ́ rárá. Hundred ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀: wàá fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, wàá gbé orí àti èjìká sókè, wàá na ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, ọwọ́ á wà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, wàá wá máa jù ú sókè-sódò, wàá fa èémí sínú fún 5, wàá mí síta fún 5, títí á fi pé 100. Kó tó pé 40 ọrùn mi ti gan, ẹ̀yìn mi ti ṣí kúrò lórí ẹní, gbogbo ara ń gbọ̀n. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí o. Tíṣà ní bí Joseph Pilates ṣe ṣe é nìyẹn, kí n fara dà á. Mo fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbà tó yá mi ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ sọ́kìsì fúnra mi.

Ibòmíì tí mo wá lọ, ti ìgbàlódé ni. Ìyá tó ń kọ́ wa níbẹ̀ ní kí n dùbúlẹ̀, kí n ká orúnkún, kí n fi ọwọ́ wo àlàfo kékeré tó wà láàárín ẹ̀yìn mi àti ẹní. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀yìn ṣe tẹ̀ fúnra ẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà gan-an nìyí, torí àwọn ti àtijọ́ á ní kó o tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Wọ́n ká táwẹ̀lì sábẹ́ orí mi, wọ́n ní kí n má gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n wá ní ká ṣe Hundred. Hundred kan náà o! Ọgbọ̀n péré la ṣe lọ́jọ́ yẹn, mo sì dìde láìdi ògiri mú.

Tá a bá wá ń sọ ti ojúlówó, ẹ jẹ́ ká wo Joseph fúnra ẹ̀. Jámánì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1883, ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní àwọn Gẹ̀ẹ́sì tì í mọ́lé ní erékùṣù Isle of Man, ní nǹkan bí 1926 ó dé New York, òun àti Clara ìyàwó ẹ̀ sì ń kọ́ èèyàn níbẹ̀. Contrology lòun ń pe eré ìdárayá yìí. Ìwé tó gbé jáde ní 1945, eré ìdárayá orí ẹní 34 ló wà ńbẹ̀, wọ́n sì tò tẹ̀ léra, òótọ́ ni, àmọ́ tẹ́nì kan bá gbé ara tó fara pa wá, ohun tí ara yẹn gbà ló ń fún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ò fi kọ́ni bákan náà lẹ́yìn tó kú ní 1967: Romana Kryzanowska di ìtòtẹ̀léra ẹ̀ mú ṣinṣin, Ron Fletcher fi eré ìdárayá tí wọ́n ń fi táwẹ̀lì ṣe kún tiẹ̀. Èwo nínú wọn la fẹ́ pè ní àdàmọ̀dì? Lọ́dún 2000 kóòtù kan ní New York ti dá a pé kò sẹ́ni tó ni orúkọ Pilates, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà, torí náà ẹ béèrè ibi tí tíṣà yín ti kọ́ṣẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹní.

Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu ti àtijọ́ o, òun gan-an ni mò ń ṣe báyìí. Ti ìgbàlódé yẹn, lọ́sẹ̀ yìí rọ́bà, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bọ́ọ̀lù, àwọn kíláàsì míì tiẹ̀ wà tí orin á máa dún gbìn-ìn-gbìn tó ò ní gbọ́ èémí ara ẹ, o ò sì ní mọ̀ bóyá ò ń tẹ̀ síwájú. Nígbà tí ẹ̀yìn mi ti balẹ̀, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́jọ, mo padà sí ti àtijọ́ lọ́dọ̀ tíṣà míì. Ohun tá a ṣe lánàá náà la máa ṣe lónìí, Hundred, lẹ́yìn ẹ̀ roll up, ìyẹn kó o máa ká ara dìde jókòó díẹ̀díẹ̀ látorí ìdùbúlẹ̀, títí lọ, ara ẹ lá sì máa jábọ̀ fún ẹ. Roll up yẹn, tẹ́lẹ̀ tí n bá fẹ́ dìde jókòó ẹsẹ̀ mi á ta sókè, màá wá fi ipá ju ara mi síwájú. Báyìí mò ń mọ̀ ọ́n lára bí eegun ẹ̀yìn ṣe ń ṣí kúrò lórí ẹní níkọ̀ọ̀kan, àfi ibì kan nísàlẹ̀ tó ṣì máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà gbàá, ibẹ̀ ni mò ń bá jà lọ́wọ́.

Àmọ́ ẹni tí eegun ẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́, tó tètè ń dá, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo títẹ̀ síwájú àti yíyí lórí ẹ̀yìn tó kún inú ti àtijọ́ yẹn kì í ṣe tiẹ̀, eegun ẹ̀yìn lè fọ́ síbẹ̀. Ẹ̀ bá ti kọ ìyẹn sí i.

Ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde. Kí ẹni tó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bi tíṣà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé "tí èyí bá ń dùn mí, kí ni kí n ṣe dípò ẹ̀?" Tó bá jẹ́ "fara dà á" ló fi dáhùn, kó ká ẹní ẹ̀ kó máa lọ.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tí ẹ̀yìn ń ro