Sí èmi ayé àtijọ́ tó ń fi ìka méjì táìpù

Báwo ni níbẹ̀ yẹn? Mi ò retí kó o dá mi lóhùn kíákíá, mo mọ̀ pé o ti doríkodò sórí kíbọ́ọ̀dù, ò ń wá B. Ẹ̀gbẹ́ V ló wà jàre, ibẹ̀ náà ló wà lánàá.

Mi ò wá bú ẹ o. Ìka méjì tó ò ń lò yẹn gbìyànjú, wọ́n yára débi tó o fi ń fọ́nnu pé kò sẹ́ni tó lè fi ìka mẹ́wàá bá ẹ du ú. Irọ́ ni. Ìka ẹ yá, ojú ẹ ni ò sí níbi tó yẹ kó wà. Ṣé o rántí lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó o táìpù fún odidi ogún ìṣẹ́jú, ìgbà tó o wá gbójú sókè lo rí i pé àtìlà kejì ni Caps Lock, bọ́tìnnì tó ń sọ gbogbo lẹ́tà di ńlá, ti wà ní títàn, gbogbo ẹ̀ wá dà bí ẹni tó ń jágbe mọ́ ọ̀gá tó fẹ́ gbà á síṣẹ́? O pa á rẹ́, o tún bẹ̀rẹ̀, o tún doríkodò.

Fọwọ́ kan F àti J wò. Ojoojúmọ́ lò ń tẹ̀ wọ́n, o ò mọ̀ pé nǹkan tín-ń-tín kan yọ lára àwọn méjèèjì. O tiẹ̀ ti fi èékánná ha á rí, o rò pé ìdọ̀tí ni (má sẹ́, ọwọ́ kan náà la jọ ní). Ibẹ̀ gan-an nilé. Ìka ìfábẹ̀lá òsì lórí F, tọ̀tún lórí J, àwọn tó kù á tò tẹ̀ lé wọn, ìka á jáde lọ tẹ lẹ́tà tó bá fẹ́, á sì padà wálé, tó bá ṣìnà, kókó yẹn ló máa fi mọ̀, láìṣẹ̀ṣẹ̀ pe ojú.

Ohun tí wọn ò ní sọ fún ẹ ni pé tó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka mẹ́wàá táìpù láìwo kíbọ́ọ̀dù, wàá kọ́kọ́ gọ̀ ná. Nǹkan tó ò ń táìpù ní ìṣẹ́jú márùn-ún á gbà ẹ́ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọńdinrín á máa ṣe bí ẹni pé wọn ò bí i mọ́ àwọn yòókù, P á máa di O, inú á bí ẹ, wàá sì fẹ́ padà sídìí ìka méjì torí pé iṣẹ́ ń dúró dè ẹ́. Èmi padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ ìnujú ló gbà mí sílẹ̀, mo dà á bo ọwọ́ mi àti kíbọ́ọ̀dù pọ̀, àwọn ará ilé ń fi mí ṣẹ̀sín, àmọ́ nígbà tí kò sí nǹkan tí mo lè wò mọ́, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀nà.

Kì í sì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lọ́dún 1888, ní Cincinnati l'Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìdíje táìpù, Frank McGurrin tó ti há ibi tí gbogbo lẹ́tà wà sórí ló gbégbá orókè. Ẹ̀rọ tó lò, bí wọ́n ṣe to lẹ́tà ẹ̀ náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níwájú ẹ báyìí, Q, W, E, R, T, Y.

Má rò pé mo ti di ọ̀gá o. Àtàǹpàkò òsì mi ò ṣe nǹkan kan láyé yìí, tọ̀tún nìkan ló ń tẹ spacebar, apá kan ẹ̀ ti ń dán bíi dígí. Shift ọwọ́ ọ̀tún, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ctrl+S tó ń tọ́jú iṣẹ́ pa mọ́, mo ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn gbogbo gbólóhùn, kódà níbi tí kò ti sí nǹkan tí mo fẹ́ tọ́jú. Páswọ́ọ̀dù mi ńkọ́? Ìka ló mọ̀ ọ́n, ẹnu ò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ńṣe ni mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, mo ń táìpù sórí pákó lásán kí n lè rántí.

Gbogbo lẹ́tà yìí, mi ò wo ìsàlẹ̀. Àfi níbi 1888 yẹn. Ìlà nọ́ńbà ṣì ń mú mi doríkodò, mo wá 8 bí ìwọ ṣe ń wá B.