Ẹ wo ihò ìsàlẹ̀ púùlù kí ọmọ yín tó wọ inú omi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń tọ́jú púùlù láwọn ilé ìtura n'Íbàdàn. Èmi ni mo ń da kúlóríìnì sómi, èmi ni mo ń fọ fílítà, èmi náà ni mo ń tan pọ́ǹpù láràárọ̀. Mo máa ń kà nípa ọmọ tó kú sómi nítorí pé kò mọ omi wẹ̀. Èyí tí n kò tíì rí kà ni ti ọmọ tó mọ omi wẹ̀ dáadáa, àmọ́ tí ihò ìsàlẹ̀ púùlù, ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa omi, dì mú tí kò jẹ́ kó gòkè mọ́. Ojú mi ló ṣe.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, lásìkò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ń wẹ̀ nínú púùlù tí mo ń tọ́jú nígbà náà. Wọ́n fi àtáṣímẹ́ǹtì dirun fún un, irun náà gùn dé ìbàdí. Omi ibẹ̀ kò mu àgbàlagbà kọjá àyà. Ìlẹ̀kẹ̀ irun rẹ̀ kan já bọ́, ó sì mòòkùn láti lọ ṣà á. Ojú ibi tí ihò wà ló bọ́ sí. Skúrù méjì ló yẹ kó di ọmọrí ihò yẹn mú. Ọ̀kan ti bọ́. Mo ti sọ fún ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n ní sùúrù di òpin oṣù. Omi fa irun ọmọ náà gba ẹ̀gbẹ́ ọmọrí wọlé, ó sì ta kókó sábẹ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ bẹ́ sómi tòun ti bàtà. Ó fà á, fà á, kò wá. Mo sáré dé yàrá pọ́ǹpù, àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ akáńtì tó ti jáde. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé iná lọ́jọ́ náà, mo bá gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ pa á. Síbẹ̀ irun kò tú. Ọbẹ tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ̀fọ́ ni wọ́n jù sí bàbá náà, ìyẹn ló fi gé irun ọmọ rẹ̀ kó tó rí i gbé sókè. Ọmọ náà pọ omi, ó wá ké. Nígbà tí mo tú ọmọrí yẹn nírọ̀lẹ́, ìdì àtáṣímẹ́ǹtì náà ṣì wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ funfun mẹ́ta lára rẹ̀.

Àwọn èèyàn ní bàbá náà kò fà á le tó. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀ rárá. Pọ́ǹpù ló ń fa omi gba ihò yẹn lọ sí fílítà. Bí ara èèyàn bá dí ihò náà pa, pọ́ǹpù ò mọ̀, yóò máa fà lọ ni. Ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 8 lè fi agbára tó lé ní 150 kílò di ara mú, bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lé ọmọ lórí.

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 7 kan tó ń jẹ́ Virginia Graeme Baker kú bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2002. Inú ọpọ́n omi gbígbóná tí wọ́n ń jókòó sí gbafẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀ fà á tì. Ọkùnrin méjì ló fà á kúrò, ọmọrí ihò sì fọ́ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ James Baker ni, ẹni tó ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè níbẹ̀ rí. Ìyá ọmọ náà kò dákẹ́ títí ìjọba fi ṣe òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ààrẹ George W. Bush bọwọ́ lù ú lóṣù Kejìlá, ọdún 2007. Lọ́dún 2007 yẹn kan náà, ọmọ ọdún 6 kan jókòó lé irú ihò yìí nínú púùlù àwọn ọmọdé ní Minnesota. Ó fa ìfun rẹ̀ jáde. Ọmọ náà kú lọ́dún kejì. Ẹ má sọ pé omi ò jìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé ìtura, mo mọ̀ pé ọjà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ra ọmọrí tó yọ sókè bí ẹ̀yìn ahun, tí ara kò lè dí pa. Ẹ má lo èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá ń kọ́ púùlù tuntun, ẹ jẹ́ kí ihò ìsàlẹ̀ jẹ́ méjì lórí páìpù kan náà, kí wọ́n fi ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 3 jìnnà síra, pé bí ọ̀kan bá dí, kí omi lè gba ìkejì. Ẹ má fi àgádágodo ti ibi tí wọ́n ti ń pa pọ́ǹpù. Níbi tí mo wà báyìí, mo kun ilẹ̀kùn yẹn ní pupa, gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì mọ bọ́tìnnì tí wọ́n máa tẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ di irun ọmọ yín sókè, ẹ fi fìlà omi bò ó. Bí omi bá dọ̀tí débi pé ẹ ò rí ihò ìsàlẹ̀, tàbí tí ọmọrí rẹ̀ bá sán, ẹ máa mú ọmọ yín lọ sílé. Bó bá ti wá mú ẹnì kan, pọ́ǹpù ni kí wọ́n kọ́kọ́ pa. Bó bá jẹ́ ara ló lẹ̀ mọ́ ihò, ẹ ki ìka bọ àárín ara àti ihò kí omi lè ráyè wọlé. Ẹ má fà á ní gbọọrọ. Bó bá jẹ́ irun, ẹ gé e.

Ìparí oṣù Keje làwọn ọmọ iléèwé yóò gba ìsinmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí kó tó di ìgbà náà.

Èmi ni tiyín,
Olùtọ́jú púùlù kan, Ìbàdàn